Àpọ̀jù ọ̀rá: ohun tí dókítà ń wí nígbà tí ó bá ní ìyá wa sanra jù

Ní Ìkòròdú níbi tí mo ń gbé, ìyìn ni kí a sọ fún àgbàlagbà pé ó ti sanra. Ohun tí à ń wí ni pé ara tù ú, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Bí ó bá sì jò díẹ̀, kí ó tó ti ilé dé ọjà Sábó, àwọn ènìyàn á ti máa bi í léèrè bóyá kò sí àìsàn tó ń ṣe é. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi máa ń há sí ìdílé lọ́fun nígbà tí ìyá bá ti ilé ìwòsàn dé, tí ó ní dókítà sọ pé òun sanra jù, tí ó sì ń wo ojú àwọn ọmọ láti mọ ohun tí wọn yóò wí. Àìsàn tí dókítà ń tọ́ka sí ni mo ń pè ní àpọ̀jù ọ̀rá, n kò sì fẹ́ kí a pè é ní ohun mìíràn.

Àwọn kan ní kí a máa wí òbísítì, bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pè é. A ti yá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó ti di tiwa, kò sì sí ẹni tó ń wá orúkọ mìíràn fún tẹlifóònù, ṣùgbọ́n tẹlifóònù ṣeé fọwọ́ mú, ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ yóò fojú rí i. Ìyá tó bá gbọ́ òbísítì yóò rò pé àrùn tuntun kan ni ó wọ òun lára, yóò sì máa bèèrè oògùn tí yóò lé e jáde. Òròbó ni àwọn mìíràn ń lò, mo tilẹ̀ ti rí i lára ìwé tí wọ́n fi ń pe ará àdúgbò wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó sì dùn mí. Orúkọ ìnagijẹ ni òròbó. Àwọn kan ń fi í ṣeré, àwọn mìíràn ń sunkún nítorí rẹ̀, kò sì sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ gbé e ka iwájú ìyá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlàyé àìsàn.

Àsanrajù ni ó sún mọ́ òótọ́ jù, àwọn tó ń lò ó sì jẹ́ ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún. Wọ́n ní ó kúrú, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Èyí tí n kò gbà ni pé sísanra ni ó dì mú, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rá ni dókítà ń bá jà. Ọkùnrin tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà lè wúwo lórí òṣùwọ̀n nítorí iṣan tó ki, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín lè ní ikùn tó kún fún ọ̀rá. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá, nígbà tí ó ń ṣàlàyé àìsàn yìí, ọ̀rá tó pọ̀ débi tí ó fi lè ba ìlera jẹ́ ni ó mẹ́nu bà. Ohun kan tún wà tí ó jẹ mí lógún ju ìyẹn lọ: bí a bá ní “ẹ ti sanra jù,” ìyá fúnra rẹ̀ ni a dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n bí a bá ní “àpọ̀jù ọ̀rá wà lára yín,” ohun tó ń ṣe é ni a dárúkọ, àwa àti òun sì lè jọ kọjú sí i.

Ẹ wo obìnrin tó ń ta gààrí ní Sábó, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù kan. Àpò tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìpamọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ń já àpò sílẹ̀ lójoojúmọ́ ju èyí tí ó ń rí tà lọ, ṣọ́ọ̀bù yóò kún, yóò kó àpò wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀, yóò kó o wọ ilé ìdáná, títí tí kò fi ní sí àyè láti dáná, tí ilẹ̀kùn kò sì ní ṣí tán mọ́. Abẹ́ awọ ni ṣọ́ọ̀bù ara. Bí ó bá ti kún, ọ̀rá á wọ inú ikùn, á yí ìfun ká, á wọ inú ẹ̀dọ̀ tó ń bá ara ṣètò ṣúgà. Ínsúlíìnì, èròjà inú ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ mọ́, ṣúgà á ṣẹ́kù sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru. Ẹ mọ ibi tí ìyẹn ń já sí.

Bí ilé ìwòsàn ṣe ń ṣírò rẹ̀ ni pé wọ́n á sọ gíga ènìyàn ní mítà di púpọ̀ pẹ̀lú gíga kan náà, wọ́n á sì fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n kílò rẹ̀. Obìnrin tó ga ní mítà 1.60, tó sì wọ̀n kílò 82, yóò ní 32. Láti 25 ni ìkìlọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, láti 30 lọ sókè sì ni àpọ̀jù ọ̀rá. Wọ́n tún pín èyí sí ìpele ìpele, ṣùgbọ́n dókítà ni ìyẹn kàn. Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ní ọ̀rúndún 19. Kì í ṣe oníṣègùn, ìtọ́jú aláìsàn kọ́ ni ó sì ń wá. Ọdún 1972 ni Ancel Keys ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tí àwọn dókítà ń pè é lónìí, ìyẹn body mass index (BMI). Nínú ilé, téèpù télọ̀ ni mo fọkàn tán jù. Ẹ jẹ́ kí màmá dìde dúró, kí wọ́n tú ìró, kí wọ́n mí jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ẹ wá fi téèpù yí wọn ká ní agbedeméjì egungun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀ àti orí egungun ìbàdí, kí ó fara kan awọ láìfún un. Bí iye tí ẹ rí bá tó ìdajì gíga wọn tàbí tó jù ú lọ, ìyẹn láti sẹ̀ǹtímítà 80 fún obìnrin tí mo sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà ti di ohun tí a ń bá dókítà sọ.

Ìṣe mẹ́ta ni mo máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ẹbí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó sì ń bí mi nínú. Àwọn kan á ní, “Ẹ má dá wọn lóhùn, ara yín kàn dá ni.” Àwọn mìíràn á gba abọ́ ẹ̀bà lọ́wọ́ ìyá níwájú àlejò. Ẹnìkẹta á ra tíì tí ń múni jò wá, èyí tí kò ṣe ju kí ó máa gbé ènìyàn lọ sí ilé ìgbẹ́: omi ni ó ń jáde, ọ̀rá wà níbi tí ó wà. Ẹ̀bà nìkan kọ́ ni ó sì fa àpọ̀jù ọ̀rá. Ọjọ́ orí wà ńbẹ̀, ìdílé tí a ti jáde wà ńbẹ̀, àwọn oògùn kan wà ńbẹ̀, àìsùn náà sì wà ńbẹ̀, nítorí ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin òru kí ó lè kọjá Mile 12 kí ọ̀nà tó dí, ebi á máa pa á ju ẹni tó sùn yó lọ.

Ohun tí ó yẹ kí ọmọ wí ni pé, “Màmá, mo gbọ́. Kí ni dókítà ní ká ṣe? Màá tẹ̀ lé yín lọ nígbà tí ẹ bá tún ń lọ.” Kí gbogbo ilé sì jọ máa jẹ oúnjẹ kan náà, ìkọ́kọrẹ́ kò di èèwọ̀, abọ́ ni kí ó kéré, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ sí i. Nínú kílò 82 yẹn, bí mẹ́rin péré bá kúrò, ó ti tó kí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Bí màmá bá ti ń lo oògùn ṣúgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ẹ sọ fún dókítà kí màmá tó dín oúnjẹ kù, nítorí iye oògùn tó bá wọn mu lánàá lè pọ̀ jù fún wọn nígbà tí wọ́n bá ti ń jò, ṣúgà wọn sì lè já wálẹ̀ lójijì.