Ta Ló Rán Wọn Níṣẹ́? Bí Ìtàn Ṣe Ń Rìn Nínú Géèmù Ogun

Ní ọjọ́ kan tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ti wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gbá géèmù ogun nílé wa ní Kabba, bàbá àgbà kan nínú ẹbí wa tó wá kí wa láti Ìsánlú jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó wò ó títí, ó sì bi í pé, "Àwọn tó ń yìnbọn yìí, ta ló rán wọn níṣẹ́?" Ọmọ náà fèsì pé, "Bàbá, mi ò mọ̀ o. Wọ́n kàn ní kí n máa tẹ̀lé ọ̀gá tó wà níwájú ni." Kíkọ ìtàn àti ọ̀rọ̀ ẹnu fún àwọn tó ń ṣe géèmù kéékèèké ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, mo sì ti gbọ́ àlàyé oríṣiríṣi lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ èyí tó kan ojú abẹ níkòó tó ìbéèrè bàbá àti èsì ọmọ yẹn.

Géèmù tó ń gbá wà lára Call of Duty, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 2003 pẹ̀lú ìtàn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 2007 ni ilé-iṣẹ́ Infinity Ward gbé e wá sínú ogun òde òní pẹ̀lú Call of Duty 4: Modern Warfare. Ohun tí ẹni tí kò gbá a rí kì í sábà mọ̀ ni pé sójà tí ẹ ń fi ojú rẹ̀ ríran, tí ẹ ń fi ọwọ́ rẹ̀ yìnbọn, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lanu sọ̀rọ̀ nínú àwọn géèmù ìgbà yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ sí i, yálà lójúkojú tàbí lórí rédíò, ọ̀rọ̀ ọ̀gá yẹn gan-an sì ni ìtàn.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú fíìmù, ẹni tó ń ya àwòrán ló ń pinnu ohun tí a máa wò. Nínú géèmù, ẹni tó ń gbá a ló ni ojú rẹ̀: ó lè kẹ̀yìn sí ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ, kó máa wo ògiri. Nítorí náà ni a ṣe máa ń fi ẹnì kan síwájú rẹ̀ tí yóò máa dárí rẹ̀, tí a óò tún kọ ọ́ sókè orí ẹni náà pé kó máa tẹ̀lé e. Gbólóhùn ọ̀gá náà gbọ́dọ̀ kúrú, nítorí pé ìbọn ń dún, etí kò sì ráyè gbọ́ ẹjọ́ wẹ́wẹ́. (Èyí tó máa ń sú mi jù ni "mò ń ki ọta", tí mo ní láti kọ ní oríṣiríṣi ọ̀nà kó má baà di orin létí olùgbọ́.) Àlàyé iṣẹ́ tó máa ń wáyé pẹ̀lú máàpù kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní èrè mìíràn: abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń ráyè kó ẹrù ìpele tó kàn jọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú ibì kan nínú ti ọdún 2007 yẹn. Ìtàn padà sí ọdún 1996, sí Pripyat ní Ukraine, ìlú tí wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ kúrò nígbà tí ilé-iṣẹ́ amúnáwá Chernobyl bú gbàmù ní ọdún 1986. Ẹ̀yin ni Price, ọ̀gá sójà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń darí yín níbòmíràn nínú géèmù náà, nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. MacMillan, ọ̀gá yín, wà níwájú, ó fi aṣọ tó dà bí koríko bora. Ọ̀wọ́ sójà ọ̀tá ń bọ̀ lójú pápá pẹ̀lú ọkọ̀ ogun wọn. Ó ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀ sínú koríko, bàtà wọn ń kọjá lẹ́bàá orí yín, bí ẹ bá sì mira nígbà tí kò yẹ, ó ti parí. Ẹ kò yin ọta kan ṣoṣo, síbẹ̀ àyà yín ń lù kìkì. Ẹni tó bá ti bá ọdẹ wọ igbó rí lágbègbè wa mọ irú ìkọ́ni yìí: ọdẹ kì í ṣàlàyé, ọwọ́ ló máa gbé sókè, kí ẹ sì dúró.

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú irú géèmù yìí, bí wọ́n ṣe rán yín gan-an lẹ ó ṣe jẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fi ọgbọ́n orí tiyín kún un, ẹ ó kùnà, wọn yóò sì dá yín padà sẹ́yìn. Nígbà tí ìgbọràn bá wá mọ́ yín lára tán, òǹkọ̀wé yóò fi ìgbọràn náà mú yín. Nínú géèmù kan náà, Sájẹ́ǹtì Jackson, ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ẹgbẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ yà láti gba awakọ̀ òfuurufú kan là, kí bọ́ǹbù átọ́míìkì tó bú, kí hẹlikópítà wọn tó já. Ẹ lajú, ẹ wọ́ jáde, ẹ ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láàárín eruku. Kò sí ọ̀tá, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe ju pé kí ẹ máa wọ́ lọ títí Jackson fi kú. Ìtàn náà kò dúró. Ó bọ́ sára sójà mìíràn.

Ní Modern Warfare 2, tó jáde ní ọdún 2009, ẹni tó rán yín níṣẹ́ ló pa yín. Ẹ ti gba ohun tí Ọ̀gágun Shepherd ní kí ẹ lọ gbà, ẹ ti sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó yìnbọn fún yín, ó mú un lára yín, wọ́n sọ yín sí kòtò, wọ́n dáná sun yín, ẹ sì ń fi ojú ara yín wò ó. Ìgbà náà ni ohùn Price ń ké lórí rédíò pé kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé Shepherd. Mo gbà pé kò sí ibi tí wọ́n ti lo àṣà ọ̀rọ̀ rédíò dáadáa tó báyìí: ohùn tó ti ń tọ́ yín sọ́nà láti inú géèmù ti ọdún 2007 ló pẹ́ dé yìí.

Nínú ti ọdún 2009 yìí náà ni wọ́n ti fi yín sáàárín àwọn apániláyà tó ń pa èrò ní pápákọ̀ òfuurufú kan ní Rọ́ṣíà. Ẹ lè rìn já láìyìn ọta kan sí àwọn èrò náà, ẹ sì lè fo ibẹ̀ pátápátá, nítorí pé géèmù ti béèrè lọ́wọ́ yín ṣáájú. Ní Jámánì àti Japan, bí ẹ bá yìnbọn sí àwọn aráàlú náà, ẹ ti kùnà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nọ́ńbà 18 tí wọ́n ń kọ sára páálí géèmù yìí ní Yúróòpù, pé kò wà fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n àdàkọ tí àwọn ọmọ wa ń rà lọ́jà kì í ní páálí, ẹ̀yin òbí ni kí ẹ béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ṣe é fún.

Nígbà mìíràn, orílẹ̀-èdè tí ogun ti ń jà kì í ní orúkọ gidi. Ní ọdún 2007, wọn kò dárúkọ ilẹ̀ Lárúbáwá tí Jackson kú sí. Nínú Modern Warfare mìíràn tó jáde ní ọdún 2019, wọ́n dá orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní Urzikstan. Àṣà yìí ní ewu tirẹ̀. Nínú ti ọdún 2019 yẹn, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Òpópó Ikú, wọ́n ní àwọn ará Rọ́ṣíà ló ju bọ́ǹbù sí i. Ọ̀nà tó ń jẹ́ orúkọ yìí wà lóòótọ́, láti Kuwait lọ sí Ìráàkì, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà àti àwọn tó bá a jà ló sì ju bọ́ǹbù sí i ní ọdún 1991. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dé ibẹ̀, mo ní kó dá géèmù dúró, a wá ìtàn ọdún 1991 jáde lórí fóònù, a kà á tán, ó sì ń bá eré rẹ̀ lọ.