Owó Ọkọ̀ Oníná Já Wálẹ̀: Ṣé Gbàǹjo Ni Wọ́n Ń Tà Á Ni?

"Wọ́n ti ń tà á ní gbàǹjo." Gbólóhùn tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé ilé iṣẹ́ kan tún ti dín owó ọkọ̀ oníná rẹ̀ kù. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e kì í pẹ́: pé ọjà ti kùtà, pé àwọn tó rà á ti ń kábàámọ̀, pé ọkọ̀ tó ń lo bátìrì ò ṣiṣẹ́, àwọn tó ṣe é sì ń wá ẹni tí wọ́n máa dì í rù kí wọ́n tó kógbá sílé.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Aṣọ tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá ni oníṣòwò máa ń kó síta tó sì ń dá owó kékeré lé, kì í ṣe èyí tí oníbàárà ń jà dù. Àmọ́ ọkọ̀ oníná kì í ṣe irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣe ìṣirò rẹ̀ á rí i pé kí owó ọkọ̀ náà tó já, owó ohun tí wọ́n fi ń ṣe é ló kọ́kọ́ já, àti pé àwọn tó ń ṣe é ti pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè dá iye tó wù ú lé ọjà mọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú Tesla, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ oníná Amẹ́ríkà, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ogun ẹ̀dínwó yìí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ó dín owó ọkọ̀ rẹ̀ kù ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ti àwọn kan sì dín tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Model Y Long Range tí wọ́n ń tà ní dọ́là 65,990 l'Amẹ́ríkà bọ́ sí 52,990 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá dọ́là ló lọ bẹ́ẹ̀. Kíá làwọn èèyàn ti ní Tesla ti parí.

Ohun tí wọn ò bojú wẹ̀yìn wò ni iye tí ọkọ̀ yẹn gan-an jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021. Dọ́là 49,990 ni. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ṣíìpù, èròjà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tò sínú ọkọ̀, wá di ọ̀wọ́n, àwọn tó fẹ́ ra ọkọ̀ ń dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, Tesla sì ń fowó lé owó léraléra. Nítorí náà, lẹ́yìn ẹ̀dínwó tí gbogbo ayé pariwo rẹ̀ yẹn, ọkọ̀ náà ṣì wọ́n ju bó ṣe wà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ẹni tó gun igi dé góńgó, tó wá sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀ka kejì, a ò lè sọ pé ó já lulẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà nínú 52,990 yẹn. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 2022 fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ oníná tuntun ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dínwó owó orí tó tó dọ́là 7,500, títí ètò náà fi parí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àmọ́ ọkọ̀ kéékèèké tí iye rẹ̀ bá ju 55,000 lọ ò sí nínú rẹ̀. Ìsọ̀rí yẹn ni wọ́n fi Model Y oníjókòó márùn-ún sí nígbà náà. Ní 65,990, ẹni tó bá rà á ò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan. Ní 52,990, ọ̀nà là fún un. Ẹni tí kò bá mọ̀ nípa òfin yìí á rò pé ìbẹ̀rù ló mú kí wọ́n gé owó náà tó bẹ́ẹ̀.

Ó sì ní ibi tí Tesla ti ń gé e. Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tó wọlé fún un ní ọdún 2022, ó lé ní 25 tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iye tí wọ́n fi ṣe ọjà náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, èyí tó ń ṣẹ́ kù ti di nǹkan bíi 18. Ìyẹn dùn wọ́n, kò sírọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ní ọ̀rá lára ló ń gé ọ̀rá. Ford ńkọ́? Nínú oṣù kan náà ni òun náà yọ tó dọ́là 5,900 kúrò lórí ọkọ̀ oníná rẹ̀ tó ń jẹ́ Mustang Mach-E, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ka ọkọ̀ oníná rẹ̀ pàdánù bílíọ̀nù 4.7 dọ́là lọ́dún yẹn. Ti Ford yẹn, egungun ni ọ̀bẹ ń kàn. Ìròyìn méjèèjì jọra lójú ẹni tó ń kà á, àmọ́ ohun tó wà nídìí wọn yàtọ̀ síra pátápátá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni bátìrì, òun ló sì ń gbé owó ọkọ̀ oníná sókè jù lọ. Ilé iṣẹ́ ìwádìí BloombergNEF máa ń gbé iye rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ní ọdún 2010, agbára kilowatt-hour kan (ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iná) nínú bátìrì lithium-ion, irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ oníná, ń náni ju dọ́là 1,000 lọ. Ní ọdún 2024, dọ́là 115 ni. Ẹ mú ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ gba kilowatt-hour 60, kì í ṣe èyí tó tóbi jù: bátìrì nìkan á ti ju 60,000 dọ́là lọ nígbà yẹn. Ní ọdún 2024, 6,900 ni. Nǹkan tí owó rẹ̀ ti já tó báyìí, ṣé ó yẹ kó yani lẹ́nu pé ọkọ̀ tí wọ́n gbé e sí bá a já?

Kò sì já bọ̀ tààrà láìyà. Ní ọdún 2022 ó gbéra sókè díẹ̀, torí pé lithium, ohun tí wọ́n ń wà nílẹ̀ fi ṣe bátìrì, di góòlù. Ní nǹkan bí oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, tọ́ọ̀nù kan lithium carbonate ní Ṣáínà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 yuan, owó ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn awakùsà rí owó, wọ́n sáré ṣí kòtò tuntun, ọjà wá kún ọjà. Nígbà tí ọdún 2023 fi máa parí, iye náà ti wà ní àyíká 100,000. Ẹni tó ń ṣe ọkọ̀ tó sì rí i pé ohun tó ń rà ti já tó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà méjì: kó fi èyí tó ṣẹ́ kù sápò, tàbí kó fi jà. Nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ti fi tirẹ̀ jà, kí ló tún fẹ́ ṣe?

Ìhín ni àwọn kan ti máa ń sọ pé, "Ẹ ò rí i, bátìrì gbẹ̀rẹ́fu ni wọ́n wá ń kó sí i." Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká mi lára, torí pé ó ti mú kí èèyàn sá fún ohun tó dáa. Ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí ni bátìrì tí wọ́n ń pè ní LFP, tí wọ́n fi irin àti phosphate ṣe, tí kò lo nickel tàbí cobalt tó wọ́n. Òótọ́ ni pé bátìrì LFP wúwo ju àwọn tó ń lo nickel lọ fún ìwọ̀n agbára kan náà, òtútù sì máa ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n ó ṣòro kó gbaná lójijì ju tiwọn lọ, ó máa ń pẹ́ ju wọn lọ tí èèyàn bá ń rọ iná kún un tó sì ń lò ó tán léraléra, kò sì sí ìbẹ̀rù nínú rírọ iná kún un dé ẹnu. Tesla fúnra rẹ̀ lò ó nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí kò wọ́n jù. BYD, tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Shenzhen lọ́dún 1995 gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ bátìrì kó tó máa ṣe ọkọ̀, gbé irú rẹ̀ kan jáde ní ọdún 2020 tó pè ní Blade. Pé nǹkan ò wọ́n mọ́ kò sọ ọ́ di ayédèrú.

Ṣé àwọn èèyàn wá ti dẹ́kun ríra rẹ̀ ni? Àjọ International Energy Agency ka ọkọ̀ oníná tí wọ́n tà káàkiri ayé, pẹ̀lú àwọn tó ń lo epo àti iná pọ̀ tí wọ́n ṣeé kì bọ iná: ó lé ní mílíọ̀nù 10 ní ọdún 2022, nǹkan bíi 14 ní 2023, ó lé ní 17 ní 2024. Èyí kì í ṣe ọjà tó kùtà. Ní Nọ́wè, nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n rà ní ọdún 2024, bíi 89 ló jẹ́ oníbátìrì nìkan. Nínú ọdún 2024 yẹn kan náà, iye ọkọ̀ tí Tesla tà dín díẹ̀, láti mílíọ̀nù 1.81 sí 1.79, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ di pé gbogbo ọkọ̀ oníná ló ń kú lọ. Oníbàárà tó kúrò ní ìsọ̀ kan lè ti wọ ìsọ̀ kejì. Ibẹ̀ gan-an ló wọ̀: BYD ta mílíọ̀nù 3.02 ní 2023, ó ta 4.27 ní 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lé ní ìdajì èyí tó tà ní 2024 tó ń lo epo mọ́ iná.

Ní Ṣáínà ni ogun náà ti le jù. Ìjọba kọ́ ilé iṣẹ́ wọ̀nyí dàgbà fún ọdún púpọ̀, owó ìrànwọ́ àpapọ̀ fún ẹni tó bá ra ọkọ̀ sì dópin ní ìparí ọdún 2022. Àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lè ṣe ọkọ̀ ju iye tí àwọn tó ń gbébẹ̀ lè rà lọ dáadáa. Ilé iṣẹ́ tó dákẹ́ ṣì ń jẹ owó: gbèsè báńkì ń lé, ẹ̀rọ ń gbó, òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù. Ọ̀gá ibẹ̀ á wá sọ pé ó sàn kí òun ta ọkọ̀ pẹ̀lú èrè táńnsínrín ju kí ẹ̀rọ máa sùn lọ. Ẹ wo Seagull, ọkọ̀ kékeré BYD. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2023 tó jáde, 73,800 yuan ni èyí tí kò wọ́n jù nínú wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, 69,800. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó bọ́ sí 55,800, nígbà tí BYD dín owó oríṣi ọkọ̀ 22 kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Xiaomi tí a mọ̀ mọ́ fóònù náà ti wọ ìjà: ní oṣù Kẹta ọdún 2024 ló gbé SU7 rẹ̀ jáde ní 215,900 yuan.

Síbẹ̀, mi ò ní fi irọ́ gba irọ́. Àwọn kan ń ta ọkọ̀ lábẹ́ iye tó ná wọn. Ní Jámánì, ìjọba ṣàdédé fòpin sí owó ìrànwọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Àwọn ilé iṣẹ́ kan fi owó ara wọn dí àlàfo náà fún ìgbà díẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ oníbátìrì tí wọ́n tà níbẹ̀ ní 2024 fi ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Hertz, tó ń fi ọkọ̀ háyà, kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé òun fẹ́ ta bíi 20,000 ọkọ̀ oníná òun, ó sì ka àdánù mílíọ̀nù 245 dọ́là sí i lọ́rùn. Àtúnṣe lẹ́yìn ìjàǹbá ń gbówó lórí, ẹ̀dínwó orí ọkọ̀ tuntun sì ti fa iye àlòkù wálẹ̀. Àwọn tó ra Tesla ní Ṣáínà ní òpin ọdún 2022 kóra jọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023, wọ́n ń bínú pé ọkọ̀ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti di èyí tí ẹlòmíì ń rà ní owó pọ́ọ́kú. Mo bá wọn kẹ́dùn. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ oníná Fisker l'Amẹ́ríkà lọ sọ nílé ẹjọ́ ní 2024 pé òun ò lè san gbèsè òun mọ́, WM Motor ní Ṣáínà ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2023. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí owó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹni tó ṣe é á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sí i, torí ta ni yóò ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà, ta ni yóò sì máa tún kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ṣe?

Ní oṣù Keje ọdún 2023, ilé iṣẹ́ 16, Tesla wà lára wọn, fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Ṣáínà pé àwọn ò ní fi iye owó tí kò bójú mu da ọjà rú. Lọ́jọ́ méjì lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn aṣe-ọkọ̀ tó ṣètò rẹ̀ yọ gbólóhùn yẹn kúrò, ó ní ó tako òfin tó ń dáàbò bo ìdíje. Mi ò rí ẹ̀rí tó sọ ibi tí ọ̀ràn yìí wà ju ìyẹn lọ. Àwọn tó fẹ́ ká gbà pé gbàǹjo ni, kí wọ́n sọ fún wa ìdí tí àwọn ontajà náà fi nílò àdéhùn kí wọ́n tó lè ta ọjà wọn ní ọ̀wọ́n.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá jà jù kò sí nínú ìsọ̀ ọkọ̀ rárá. Òun ni ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń ṣe ìjókòó, táyà, wáyà àti dígí, tí wọ́n ti kó ọjà fún aṣe-ọkọ̀ tí owó ò tíì wọlé. Tí àwọn aṣe-ọkọ̀ bá gé owó ọkọ̀ lónìí, wọ́n á ní kí iye ọjà àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké yìí náà já, wọ́n á tún ní kí wọ́n dúró sí i kí wọ́n tó gbowó. Ó di oṣù Kẹfà ọdún 2025, lẹ́yìn tí ìjọba Ṣáínà ti gbóhùn sókè, kí BYD àti àwọn ńlá mìíràn tó kéde pé láàárín 60 ọjọ́ ni àwọn yóò máa san owó àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké yìí fún wọn.