Ìṣàwárí ọ̀rọ̀ tó fara jọra lórí kọ̀ǹpútà

Ìṣàwárí ọ̀rọ̀ tó fara jọra ni kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ kan nínú àkọsílẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo lẹ́tà rẹ̀ bára mu. Ẹni tó bá ń wá ìtàn Abẹ́òkúta nílò rẹ̀ gan-an. Sodeke, Shodeke àti Ṣódẹkẹ́ ni wọ́n ń kọ orúkọ olórí tó kó àwọn Ẹ̀gbá dé ìdí Olúmọ. Iwe Irohin sì ni wọ́n kọ sára ìwé ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ nílùú náà ní 1859. Ẹni tó bá tẹ “iroyin” lónìí kò ní rí i bí ẹ̀rọ bá le koko mọ́ lẹ́tà.

Òṣùwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù ni ti Vladimir Levenshtein, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, tó gbé e jáde ní 1965. Iye lẹ́tà tí a ó fi kún, tí a ó yọ, tàbí tí a ó pààrọ̀ kí ọ̀rọ̀ kan tó di èkejì ló ń kà. Láti Shodeke sí Sodeke jẹ́ 1. Irohin sí iroyin, 1 náà ni.

Sun Wu àti Udi Manber ṣe agrep, ètò tó ń ṣe irú ìṣàwárí yìí, fún àwọn kọ̀ǹpútà Unix ní Yunifásítì Arizona. Nínú Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ difflib wà nílẹ̀ láìgba owó. PostgreSQL, ètò tó ń tọ́jú dátà, ní àfikún méjì fún un, fuzzystrmatch àti pg_trgm, èyí tó ń gé ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta.

Soundex, tí wọ́n gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1918, ìró ló ń tẹ̀ lé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń mú, a sì fi nọ́ńbà dípò ìró kọ́ńsónáǹtì tó kù. Kóòdù S320 ló fún Sodeke àti Shodeke, ó dára bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n S320 kan náà ló fún Sadiku, nítorí kì í ka fáwẹ̀lì sí.

Àmì ohùn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù fún Yorùbá. Ìyàtọ̀ 4 ló wà láàárín Abeokuta àti Abẹ́òkúta (“ẹ́” nìkan jẹ́ 2, torí àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè), bẹ́ẹ̀ Lucene, ètò ìṣàwárí tí ẹ̀rọ ìṣàwárí Elasticsearch dúró lé, kì í gbà ju 2 lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà ní kóòdù lórí kọ̀ǹpútà, kò ní kóòdù kan ṣoṣo fún “ẹ́”: ẹnìkan lè tẹ “ẹ” pẹ̀lú àmì òkè, ẹlòmíràn lè tẹ “é” pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀. Ojú rí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà rí méjì. NFC, ìlànà Unicode tó ń mú kíkọ bára mu, ló ń sọ wọ́n di ọ̀kan kí ìṣàwárí tó bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ṣí gbogbo àmì kúrò, oko, ọkọ àti ọkọ̀ á dàpọ̀. Nítorí náà, ó sàn kí a tọ́jú ẹ̀dà méjì: èyí tí kò lámì fún wíwá, èyí tó lámì fún títo èsì, kí ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ bára mu lè ṣáájú.