Fóònù orí tábìlì kò rí Asterisk tó wà nínú láptọ́ọ̀pù: ibo ni ọ̀nà ti dí?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Asterisk, ètò tó ń darí ìpè fóònù, sínú VirtualBox, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà àfarawé (virtual machine) sílẹ̀, lórí láptọ́ọ̀pù mi kí n lè fi kọ́ iṣẹ́ fóònù nílé. Mo ra fóònù IP (èyí tó ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pe) tòkúnbọ̀ kan. Òun àti láptọ́ọ̀pù, swíìṣì kan náà ni mo fi wáyà so wọ́n mọ́, swíìṣì sì wà lára ráútà. Virtual machine yẹn ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, síbẹ̀ fóònù ò rí i. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ẹ wọ inú virtual machine náà, kí ẹ tẹ `ip addr`. Bí ẹ bá rí 10.0.2.15, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. NAT, ètò tó ń fi virtual machine pamọ́ sẹ́yìn àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù, ni VirtualBox máa ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn fún un, àdírẹ́sì tó sì máa ń pín nìyẹn. Ẹ fi wé ọmọ tó ń gbé yàrá inú lọ́hùn-ún. Bó bá ránṣẹ́ síta, orúkọ baálé ni wọ́n fi ń gbà á, èsì á sì wá bá a nínú ilé. Ṣùgbọ́n àlejò tó bá ń wá a bọ̀ láti ìta ò ní mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn, torí ọmọ náà ò ní ojúlé tirẹ̀ ládùúgbò. Fóònù yín ni àlejò yẹn. Òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá bá Asterisk ní pọ́ọ̀tù (nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà) 5060 láti forúkọ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa fún un lójúlé tirẹ̀?

Ìdáhùn: Nínú Settings virtual machine náà ní VirtualBox, ẹ lọ sí Network, kí ẹ yí NAT padà sí Bridged Adapter, èyí tó ń so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé tààrà. Ẹ má tíì kúrò níbẹ̀ o! Ẹ wo ìlà Name tó wà lábẹ́ rẹ̀, torí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì láptọ́ọ̀pù ju ẹyọ kan lọ: ti Wi-Fi wà, ti wáyà wà. Èyí tí wáyà swíìṣì wọ̀ ni kí ẹ mú. Èmi fi odidi òru kan tú `pjsip.conf`, fáìlì tí a fi ń ṣètò fóònù fún Asterisk, wò láti òkè délẹ̀, láìmọ̀ pé Wi-Fi ni Bridged Adapter mi dì mú, hotspot fóònù àpò mi sì ni Wi-Fi yẹn wà. 192.168.43 ló bẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì virtual machine, 192.168.1 ló bẹ̀rẹ̀ ti fóònù orí tábìlì. Gbogbo ohun tí mo kọ sínú fáìlì yẹn ló tọ̀nà. Àdúgbò wọn ni kò papọ̀.

Kódà bí Wi-Fi àti wáyà bá jọ wà lórí ráútà kan, wáyà ni kí ẹ lò. MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan ṣoṣo ni Wi-Fi mọ̀ mọ́ láptọ́ọ̀pù kan, VirtualBox sì ní láti máa pààrọ̀ MAC lójú ọ̀nà kó tó lè gba ibẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún virtual machine ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, irú bíi 192.168.1.50, bí kò bá ti sí lára èyí tí ráútà ń pín. Òun ni kí ẹ kọ síbi tí fóònù ti ń béèrè SIP server.

Ìbéèrè: Ó ti forúkọ sílẹ̀! Ṣùgbọ́n mo pe nọ́ńbà Echo, kẹ́kẹ́ pa.

Ìdáhùn: SIP, èdè tí fóònù àti Asterisk fi ń ṣètò ìpè, ló gbé ìpè yẹn wọlé; ohùn fúnra rẹ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ló ń gbà. RTP ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà, orí UDP (ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) ló sì wà, láti pọ́ọ̀tù 10000 dé 20000 nínú `rtp.conf` tó bá Asterisk wá. Ó jọ pé 5060 nìkan lẹ ṣí nínú firewall (ẹ̀ṣọ́ tó ń dí pọ́ọ̀tù) virtual machine. Echo kì í sì sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀, ohun tó bá gbọ́ ló ń dá padà; bí ohùn yín kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní nǹkan tó máa sọ. Bó bá jẹ́ firewall tó ń jẹ́ ufw lẹ ń lò, ẹ tẹ `sudo ufw allow 10000:20000/udp`, kí ẹ tún un pè.