Carmel High School

Carmel High School jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ti ìjọba ní ìlú Carmel, ní àríwá Indianapolis, ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà. Kíláàsì kẹsàn-án sí ìkejìlá ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Bí ìlú náà ti ń gbòòrò tó, ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ṣoṣo yìí ló ní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì lé ní 5,000. Èyí ló jẹ́ kí ẹgbẹ́ eré ìdárayá àti ti orin rẹ̀ pọ̀ lẹ́ni. Òun náà ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ráyè wọ ikọ̀. Greyhounds ni orúkọ àwọn eléré ibẹ̀.

Ìlúwẹ̀ẹ́

Láti ọdún 1987 títí di 2024, àwọn ọmọbìnrin Carmel ló ń gba ife ìlúwẹ̀ẹ́ ìpínlẹ̀ Indiana lọ́dọọdún. Ìgbà 38 nìyẹn, láìfo ọdún kankan. Ní 2016 ni wọ́n kọjá ilé ẹ̀kọ́ Punahou ti Hawaii, tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ti gba ife tiwọn ní ìgbà 29 léraléra. Láàárín àwọn ọkùnrin Carmel, Drew Kibler àti Jake Mitchell dé Òlíḿpíìkì ti Tokyo.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka máàkì ń ṣojúure sí ilé ẹ̀kọ́ tó lérò. Eré 12 ló wà, òkìtì sínú omi jẹ́ ọ̀kan. Ẹni 16 ló ń gba máàkì nínú eré àdáṣe: ẹni àkọ́kọ́ 20, ìkejì 17, ìkẹta 16. Ọmọ kan kò gbọ́dọ̀ kópa ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, eré àdáṣe kò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ nínú rẹ̀. Akọni kan ṣoṣo kò lè gba ife fún wọn; ẹni tó ṣe ipò kẹwàá náà ṣe pàtàkì. Nínú eré mẹ́ta tí ẹni mẹ́rin ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀léra wọn, máàkì ìlọ́po méjì ni, ibẹ̀ ni ewu sì wà: bí ẹsẹ̀ ẹni tó kàn bá kúrò lórí pèpéle kí èkejì rẹ̀ tó fọwọ́ kan ògiri, wọ́n ti yọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò nínú eré náà.

Orin

Ilé ẹ̀kọ́ náà ní ẹgbẹ́ akọrin tó ń jó bí wọ́n ti ń kọrin, ẹgbẹ́ olókùn orin, àti rédíò WHJE, 91.3 FM, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe. Ẹgbẹ́ afunfèrè tó ń yan lórí pápá ló gbajúmọ̀ jù. Ó gba ipò kìíní nínú Bands of America Grand Nationals, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ afunfèrè ilé ẹ̀kọ́ girama Amẹ́ríkà, ní Indianapolis ní 2005, 2012, 2016 àti 2017.

Ìṣísẹ̀ tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi wọn pápá ni mẹ́jọ fún yáàdì márùn-ún, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 57 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ti ẹnìkan bá kúrú, ìlà á wọ́. Ìró fèrè ló tún nira jù. Pápá gùn tó mítà 91, ìró sì ń lò ju ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti orígun kan dé èkejì. Nítorí náà, ọwọ́ olùdarí ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń wò, wọn kì í tẹ̀lé ohun tí etí wọn gbọ́ níwájú. Àwọn onílù tó dúró sí etí pápá níwájú, ní tiwọn, ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀lé. Bí wọ́n bá ṣe é ní òdìkejì, ìlù àti fèrè kò ní jọ dé etí àwọn adájọ́.