Kí ló dé tí gílóòbù ẹ̀yìn ìyàwó fi ń di òrùka?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ya ìyàwó kan ní gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè. Lẹ́ǹsì 85mm ni mo lò. Ẹ̀yìn rẹ̀ bàìbàì lóòótọ́, àmọ́ gbogbo gílóòbù tí wọ́n so mọ́ ògiri di òrùka tí etí rẹ̀ ń dán yànrànyànràn. Ti ọ̀rẹ́ mi kì í rí bẹ́ẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Kí ẹ̀yìn bàìbàì lọ́tọ̀, kó rọ̀ lójú lọ́tọ̀. Iná tí o ò bá fókọ́ọ̀sì lé máa ń fẹ̀, á di róbótó bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọ inú lẹ́ǹsì. Nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì, ìmọ́lẹ̀ máa ń wọ́ jọ sí etí róbótó yẹn, ló bá dà bí ìgbà tí ọṣẹ hó. Fa fọ́tò náà tóbi dáadáa. Bí o bá rí òrùka wínníwínní nínú rẹ̀ bí àlùbọ́sà tí wọ́n là sí méjì, mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ gíláàsì inú lẹ́ǹsì ló sábà ń fi àmì yẹn sílẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà ti wá nǹkan ṣe sí i. Lọ́dún 1999, Minolta gbé lẹ́ǹsì 135mm kan jáde tí wọ́n ki gíláàsì pàtàkì sí nínú: àárín rẹ̀ mọ́ gaara, ó wá ń dúdú díẹ̀díẹ̀ lọ sétí. Etí róbótó iná á kàn ṣá lọ ni, o ò ní mọ ibi tó parí sí. Fujifilm ṣe tirẹ̀ ní 2014, Sony ní 2017. Canon ní 2019 fi nǹkan kun ojú gíláàsì ni.

Ìbéèrè: Ṣé kí n lọ ra irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Rọra ná! Dúdú yẹn ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Ti Sony, f/2.8 ni ihò rẹ̀ (nọ́ńbà f ń sọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó), àmọ́ T5.6 ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé (nọ́ńbà T ń sọ ìmọ́lẹ̀ tó kọjá lóòótọ́), ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó yẹ kí f/2.8 gbà wọlé. Nígbà tí DJ bá paná, ISO rẹ, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ kékeré tóbi, á fò sókè, aṣọ òkè á dà bí ẹni da yanrìn sí i. Bí o bá sì dín ihò náà kù, etí dúdú yẹn gan-an lo gé dànù. Ti Minolta, ọwọ́ lo máa fi yí fókọ́ọ̀sì. Ìyá ìyàwó tó ń jó ò ní dúró dè ọ́. Èmi ò ní gbé e wọ gbọ̀ngàn. Ìrọ̀lẹ́ ní Marina ló yẹ ẹ́. Kọ́kọ́ sún ìyàwó jìnnà sí ògiri ná, ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Ìbéèrè: Fóònù ńkọ́?

Ìdáhùn: Fóònù máa ń fojú díwọ̀n ibi tí èèyàn parí sí ni, kó tó wá sọ ẹ̀yìn di bàìbàì. Wo ṣóńṣó gèlè: ó sábà máa ń bá ògiri lọ.