Kí Ọmọ Ka Ìbéèrè Àròkọ Tán Kí Ó Tó Gbé Bírò

Nígbàkígbà tí ìdánwò WAEC bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni àwọn òbí máa ń kó ìwé àròkọ ọmọ wọn wá bá mi, tí wọ́n á ní kí n bá àwọn wo ìdí tí ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu kò fi gba máàkì tó jọjú. Bí mo bá ti ka ìpínrọ̀ méjì, mo ti mọ̀ ọ́n: ọmọ kò dáhùn ohun tí wọ́n bi í. N kò ní fi àyè ṣòfò lórí bí a ṣe ń kọ àdírẹ́sì tàbí bí a ṣe ń dá ìpínrọ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì ti kọjá ìyẹn.

Ẹ wo irú ìbéèrè yìí: “Kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ rẹ, kí o ṣàlàyé ìṣòro méjì tí ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò rẹ fínra, kí o sì dábàá ọ̀nà tí ìjọba lè gbà yanjú wọn.” Kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó kà á tán, ojú wọn ti lẹ̀ mọ́ “ìṣòro” àti “ọ̀dọ́,” bírò sì ti bọ́ sórí ìwé. Wọ́n á to ìṣòro mẹ́fà sílẹ̀, láti orí àìríṣẹ́ṣe dé orí oògùn olóró, láìṣàlàyé ọ̀kan yanjú, nígbà tí ó jẹ́ pé méjì péré ni wọ́n béèrè. Wọn kò ní mú àbá kankan wá, bẹ́ẹ̀ àbá gan-an ni ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ sì rántí pé alága ìjọba ìbílẹ̀ ni a ń kọ̀wé sí: kò lágbára láti yí owó oṣù tó kéré jù lọ padà, nítorí náà ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni kí a bá a sọ, irú bíi ọjà, ibi ìkọ́ṣẹ́ àti ọ̀nà àdúgbò. Ẹni tí a ń kọ ìwé sí ló ń pinnu ohùn tí a ó fi bá a sọ̀rọ̀ àti ohun tí a ó sọ. Èyí ni mo ń pariwo títí ohùn mi fi há. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fàlà sí abẹ́ kọ, ṣàlàyé àti dábàá, kí ó yí òbìrí ká méjì àti alága, kí ó tó kọ ohunkóhun.

Nínú máàkì 50 tí WAEC ń fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 10 jẹ́ ti kókó ọ̀rọ̀, 10 ti ètò, 20 ti ìlò èdè, 10 ti àkọtọ́, gírámà àti àmì. Ẹni tí ó ṣi ìbéèrè gbọ́ ti sọ 10 àkọ́kọ́ nù, ètò rẹ̀ kò sì lè dúró dáadáa.

Àwọn tí inú ń bí mi sí jù ni àwọn tí ń ta àròkọ fún ọmọ láti há sórí. Àwa tí a ti ń yẹ ìwé wò tipẹ́ kì í ka irú rẹ̀ kọjá ìlà kejì kí a tó mọ̀ ọ́n. Àwọn kan tún ń wá ìsọ̀yè kiri. Bí ìsọ̀yè bá tilẹ̀ ń jẹ́, ohun tí ọmọ ti kà ni yóò rán an létí. Kò lè bá a túmọ̀ ìbéèrè tí kò rí rí.

Ọmọkùnrin kan há ìtàn jàǹbá ọkọ̀ kan ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sórí, èyí tí bàbá rẹ̀ fi owó gidi rà. Nígbà tí mo dán an wò, mo ní kí ó kọ ìtàn tí yóò parí sí “Ìgbà náà ni mo tó gbà pé òótọ́ ni ìyá mi sọ.” Ó kọ jàǹbá rẹ̀ láìyí ohunkóhun padà: táyà bẹ́, ọkọ̀ gbókìtì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó dé. Ìyá kankan kò sí nínú ọkọ̀, kò sí nílé, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan látòkè délẹ̀, àfi ìgbà tí ìtàn parí tí ọmọ náà gbà pé òótọ́ ni ó sọ. Mo fi han bàbá rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bi mí bóyá n lè bá òun wá òmíràn tí ìyá wà nínú rẹ̀, kí ọmọ lè tètè máa há a.